Ìhà Òsì Karimot

Gbọ̀ràgàdà, gbọ̀ràgàdà, gbọ̀ràgàdà! Bí ọmọlanke ṣe máa ń dún nìyẹn bí ó bá ń gba àárín ọjà Mile 12 kọjá, irin lórí kọnkéré, tí ẹni tó ń tì í á máa ké, "Ankali o! Ankali!", tí Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò á sì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láì bojú wẹ̀yìn, nítorí ẹni tó bá ní kí òun kọ́kọ́ wo ohun tó ń bọ̀, ohun náà ti dé ara rẹ̀. Alhaji Sùrájù ti fi ọjà sílẹ̀, ó ti padà sí Ṣakí, ìlú tí wọ́n ti bí i. Síbẹ̀ náà, bí ó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì, tí ẹnì kan bá wọ́ páànù kọjá lórí àpáta, àyà rẹ̀ á já. Kì í ṣe ariwo yẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Ibi tí ariwo náà ti dáké lójijì ni.

Ọdún 2002 ni. Ẹni tó bá mọ Ketu láyé ìgbà yẹn á rántí pé fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Ẹni tó bá ní ọ̀kan, ọwọ́ ló máa ń gbé e sí kí ayé lè rí i, kì í jẹ́ kó wọ àpò. Òórùn tòmátì tó ti rà á sin ènìyàn láti Mile 12 dé Ìkòsí bí ẹni ń sin ìyàwó. Nínú ọjà yẹn, ní ìlà àwọn alálùbọ́sà, Alhaji Sùrájù lágbà. Bí alábàárù méjì bá wọ̀yá ìjà, òun ni wọ́n á sáré pè, bí ó bá là wọ́n tán, wọ́n á ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Inú rẹ̀ á dùn, á tún fìlà ṣe, á ní kí wọ́n lọ wá omi mu.

Sherifdeen, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ló máa ń gòkè Ọya lọ ra ọjà. Bí Sherifdeen bá ti lọ, ọwọ́ Alhaji ni Karimot, ìyàwó rẹ̀, máa ń wà. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni Karimot, ojú rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀ bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀. Ó máa ń bá Alhaji ṣa àlùbọ́sà tó ti rà kúrò lára èyí tó dára, ó sì máa ń pè é ní "Bàbá wa", bí ìyàwó ilé ṣe gbọ́dọ̀ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ. Nílé tiwọn, bí àlejò bá bi ìyàwó ilé pé ṣé ara le, àgbà ilé ló ń dáhùn. "Ara rẹ̀ le, a dúpẹ́." Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ Alhaji nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ bàbá tó bí i, kò sì sẹ́ni tó rò pé ohun burúkú kan lè ti ibẹ̀ wá.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ọkọ̀ akẹ́rù kan dé láti Sókótó lẹ́yìn tó ti bàjẹ́ sọ́nà. Àlùbọ́sà inú rẹ̀ ti ń gbóná. Àlùbọ́sà tó bá ti gbóná, bí ẹ ò bá tètè tú u sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ojú yín báyìí ni yóò ṣe di omi. Ni gbogbo ibẹ̀ bá gba ariwo. Àwọn alábàárù ń sáré, ọmọlanke ń lọ, ọmọlanke ń bọ̀, Alhaji dúró sórí àpò, ó ń pàṣẹ. Àfi bí ọmọlanke kan tí wọ́n di ẹrù lé títí tó fi ga ju ènìyàn lọ ṣe já mọ́ ẹni tó ń tì í lọ́wọ́ níbi tí ilẹ̀ ti da gẹ̀rẹ́. Ó yí padà sẹ́yìn. Karimot wà láàárín òun àti ara ọkọ̀. Ariwo irin dáké.

Nígbà tí wọ́n fà á kúrò, ọwọ́ òtún Karimot ti tẹ̀ níbi ọrùn ọwọ́ bí ìkọ́. Ọwọ́ náà ni gbogbo ojú ń wò. "Yéè, ọwọ́ ẹ̀ o!" ni àwọn obìnrin ń ké. Ẹnì kan da omi sí i lójú. Alhaji gbé e sínú Peugeot rẹ̀, ó wà á lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ketu. Nínú mọ́tò ni Karimot ti sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

"Bàbá wa, ìhà mi. Ìhà mi lápá òsì."

"Ẹ̀rù ló bà ọ́," ni Alhaji wí, ó ń fun fèrè mọ́tò. "Bá a bá délé, ìyàwó mi á fi òrí pa á fún ẹ."

Karimot ò sọ ọ́ mọ́.

Dókítà tó wà ní ẹmẹ́jẹ́ńsì lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin ni, Ìfẹ́olúwa lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ogudu. Kò tíì pẹ́ tó parí ẹ̀kọ́. Bó ṣe rí Alhaji pẹ̀lú fìlà lórí àti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, orúnkún ló fi kí i. Alhaji wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ọmọ tó kàwé tó tún ní ẹ̀kọ́ ilé rèé. Nọ́ọ̀sì tó wà pẹ̀lú rẹ̀, Clara, jáde lọ mú P.O.P. tí wọn yóò fi di ọwọ́ náà wá. Ó ku àwọn mẹ́ta.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà," ni dókítà wí fún Karimot. "Ibo ló ń dùn yín?"

"Ọwọ́ ni," Alhaji dáhùn. "Àbí o ò rí i bó ṣe tẹ̀ ni?"

"Mo rí i, sà. Ṣé kò síbòmíràn?"

"Ọwọ́ nìkan ni."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo Karimot lójú. "Aunty, ẹ̀yin náà ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ṣé kò síbòmíràn tó ń dùn yín lóòótọ́?"

Karimot wo Alhaji. "Bí Bàbá wa ṣe wí náà ni."

Dókítà dúró, ó ń fi ọwọ́ kan pa ìkejì. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bọ́ síta díẹ̀, kí n kàn fọwọ́ kan ikùn wọn. Kò ní pẹ́."

"Síta kẹ̀? Ọmọ mi, ọwọ́ ló gbé wa wá, ikùn lo fẹ́ wò. Bó bá jẹ́ orí ló ń fọ́ mi, ṣé bàtà lo máa bọ́ lẹ́sẹ̀ mi? Di ọwọ́ yẹn fún un ká máa lọ. Àlùbọ́sà mi wà nínú oòrùn."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ìtìjú mú. Ọwọ́ tó ti nà síwájú, ó fà á padà. Ká ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Alhaji, ì bá ti lé e jáde. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lé bàbá rẹ̀ jáde? Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ níléèwé àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nílé wọ̀yá ìjà lójú Alhaji, Alhaji rí èyí tó borí, ó sì dùn mọ́ ọn nínú. Ọ̀rọ̀ tí Karimot sọ nínú mọ́tò wà lẹ́nu rẹ̀, kò wúwo lójú rẹ̀ rárá, kò sì sọ ọ́. Ìhà dídùn! Ta ni ìhà kì í dùn ní Mile 12?

Wọ́n di ọwọ́, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n lọ sílé.

Lọ́jọ́ kẹta, Karimot ń kó abọ́ kúrò níwájú Alhaji ló bá ṣubú lulẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, ikùn rẹ̀ le bí pákó. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù ńlá kan, wọ́n sì là á lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ohun kan ti ya nínú rẹ̀ lábẹ́ ìhà òsì láti ìgbà tí ọ̀pá ọmọlanke ti gbá a, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń dà sínú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní díẹ̀ ló kù. Dókítà àgbà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà jáde wá, ó béèrè pé, "Ta ló kọ́kọ́ wò ó? Ṣé onítọ̀hún ò fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ ni?"

Ìbéèrè yẹn ni ọjà gbé sórí. Kó tó di ọ̀la, ìlà àwọn alálùbọ́sà ti tú jáde, wọ́n kún ẹnu géètì ilé ìwòsàn Ketu. Salaudeen, ọ̀rẹ́ Alhaji, ló ṣáájú wọn. Ó gbé bùbá rẹ̀ sókè, ó yọ ikùn rẹ̀ tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ síta.

"Dókítà tí ikùn ń kú lọ tó ń wo ọwọ́! Ṣé ìwé páńdà lo kà ni? Jáde wá, wá wo tèmi náà! Bó o bá ní oyún ni, màá gbà fún ẹ!"

Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí wọn, àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn. Dókítà Elkanah, tó ni ilé ìwòsàn náà, ò dúró kí wọ́n fọ́ gíláàsì òun. Ó pe Alhaji àti Sherifdeen wọ ọ́fíìsì, ó pe Ìfẹ́olúwa àti Clara náà.

Sherifdeen ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè Ọya dé ni, eruku ọ̀nà ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú bí ọmọdé. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin tẹ́ ẹ tètè gbé e, mi ò níyàwó mọ́," ló ń wí. "Ọlọ́run ló fi yín dá mi lọ́lá."

"Ṣé o bi aláìsàn bóyá ibòmíràn ń dùn ún?" ni Elkanah bi Ìfẹ́olúwa.

"Mo bi wọ́n, sà. Mo tún wọn bi. Daddy ló dá mi lóhùn. Mo ní kí n wo ikùn wọn, Daddy ní rárá."

"Nọ́ọ̀sì?"

"Sà, me I no dey there," ni Clara wí. "Mo lọ mú P.O.P."

Elkanah yíjú sí Alhaji. "Alhaji, àgbà ni yín. Ṣé ó béèrè?"

Alhaji gbọ́ ohùn Salaudeen láti ìta, tó ń bú ènìyàn lórí tirẹ̀. Ó mọ bí ọwọ́ Sherifdeen ṣe gbóná nínú tirẹ̀. Bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ yẹn yóò kúrò, kò sì dá a lójú pé yóò tún padà.

"Kò béèrè," ló wí.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìfẹ́olúwa yíjú sí i. "Daddy," ló wí. Kò pè é ní onírọ́. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í pe àgbà ní onírọ́. Elkanah ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá níwájú Alhaji, orúnkún rẹ̀ tún kanlẹ̀ díẹ̀, bóyá kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe é. Ì bá sàn fún Alhaji kó ti gbá a létí.

Nígbà tí Karimot padà sílé, ó ti rù, kò lè dúró tọ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbé oúnjẹ síwájú Alhaji, kò sì dìde.

"Bàbá wa, wọ́n ní wọ́n lé dókítà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

"Ó bi mí o, Bàbá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé e nítorí mi."

"Màá lọ rí Elkanah," ni Alhaji wí. "Jẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀ díẹ̀."

Ilẹ̀ rọ̀, ó tún le. Ààwẹ̀ dé, Alhaji ní lẹ́yìn ìtúnu. Iléyá dé. Wọ́n fẹ́ yan alága àwọn alálùbọ́sà, orúkọ rẹ̀ ló wà lẹ́nu gbogbo ọjà. Ó ní kí wọ́n yàn án tán ná. Wọ́n yàn án. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó wọ mọ́tò lọ́jọ́ kan, ó sì dé ẹnu géètì Elkanah lóòótọ́. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló gbọ́ ohùn Salaudeen láti òdìkejì títì.

"Alága! Ibi tí wọ́n ti fẹ́ pa wá lẹ́ẹ̀kan náà lẹ tún dé? Ṣé dókítà mìíràn lẹ tún fẹ́ ká bá yín lé ni?"

Alhaji rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀nà ló gba ibẹ̀. Ó wọ mọ́tò padà.

Karimot bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì bi í mọ́. Ó ń gbé oúnjẹ, ó ń kúnlẹ̀, ó ń pe Bàbá wa. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Alhaji ti jẹun fún ọdún púpọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ìyàwó àbúrò yín ńkọ́, ṣé ara ti yá, á ní, "Ara rẹ̀ ti yá pátápátá."

Ìgbà kan wà tó lọ kí oníbàárà rẹ̀ kan ní Ogudu. Ó fẹ́ ra bisikíìtì fún àwọn ọmọ ilé náà, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Obìnrin tó wà lẹ́yìn kántà dìde, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Daddy."

Ìfẹ́olúwa ni. Ó ti sanra díẹ̀, ó wé gèlè kékeré. Ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ló ń bá a tà. Alhaji wò yíká bí ẹni tó ń wá ọ̀nà tí òun máa gbà sá.

"Dókítà," ló wí. "Ṣé o ò ṣiṣẹ́ ọsibítù mọ́ ni?"

"Wọn ò gbà mí, sà. Ibi tí mo bá lọ, wọ́n á kọ̀wé sí Dókítà Elkanah pé irú ẹni wo ni mí." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó di bisikíìtì náà sínú ọ̀rá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Aunty Karimot ńkọ́, sà? Ṣé ìhà yẹn ò dùn wọ́n mọ́? Mo máa ń rò ó."

Ìgbà náà ló yẹ kó sọ ọ́. Àwọn méjì péré ni wọ́n wà níbẹ̀, kò sí Salaudeen, kò sí Sherifdeen. "A dúpẹ́," ni Alhaji wí. "Ara rẹ̀ yá." Ó jáde. Ó gbàgbé bisikíìtì sórí kántà, Ìfẹ́olúwa sáré gbé e tẹ̀lé e dé ìdí mọ́tò.

Ọdún yẹn gan-an ló gbé alága sílẹ̀. Ó ní eékún ń dun òun. Ó padà sí Ṣakí, ó fi ilé àti ìsọ̀ fún Sherifdeen. Wọ́n ní ó ti ṣiṣẹ́ tó, kó lọ sinmi. Ìsinmi wo? Ẹni tó bá fi iná sábẹ́ aṣọ, ibi yòówù kó gbé e lọ, òun àti iná náà ni.

Ní 2009, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún. Karimot ni.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá wa. Labeebah ọmọ mi ń kí yín."

"Ọlọ́run á wò ó. Ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà lọ́jà. Bàbá wa, mo pàdé Nọ́ọ̀sì Clara ní Ketu. Ó ní ilé ìwòsàn kan fẹ́ gba dókítà yẹn síṣẹ́. Wọ́n ti kọ̀wé sí Dókítà Elkanah. Elkanah ní òun ò ní yí ọ̀rọ̀ òun padà àfi bí àwọn ẹbí tó fẹjọ́ sùn bá yí tiwọn. Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Clara ní ṣé mi ò lè wá sọ̀rọ̀."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní rárá."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀yin lẹ ti sọ̀rọ̀, Bàbá wa. Báwo ni màá ṣe tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yín?"

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀. Èyí ló wá burú jù. Alhaji ti rò pé òun nìkan ló ń gbé irọ́ náà kiri. Kò mọ̀ pé òun ti dì í lé obìnrin yìí lórí, ó sì ń rù ú láì sọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí yóò gbé ẹnu dákẹ́ nítorí òun, tí ẹlòmíràn yóò sì ṣòfò nítorí rẹ̀.

"Karimot, ìhà ẹ ńkọ́?"

"Bàbá wa?"

"Ìwọ ni mò ń bi. Ìhà ẹ lápá òsì. Báwo ló ṣe ń ṣe?"

"Ó máa ń dùn mí," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń tọrọ gáfárà. "Bí mo bá gbé nǹkan wúwo. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀."

"Látìgbà wo?"

"Látìgbà náà."

Alhaji bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú. Ó ní kó fi nọ́ńbà dókítà náà ránṣẹ́. Ó ní kó pe Clara, kó sọ fún un pé Karimot fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, gbogbo rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ yọ ọ̀kankan sílẹ̀. "Orúkọ mi náà, má yọ ọ́. Ní ti Sherifdeen, èmi fúnra mi ni màá pè é." Ó pè é lóòótọ́, kí oòrùn tó wọ̀. Sherifdeen gbọ́ ọ dé ìparí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi," ó sì pa fóònù. Alhaji fi awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù. Kò pe ẹnikẹ́ni kó bá òun tẹ̀ ẹ́.

"Dókítà Ìfẹ́olúwa, èmi Sùrájù alálùbọ́sà ni. Ẹ béèrè. Ẹ bi Karimot ní ibi tó ń dùn ún, ẹ tún un bi, èmi ni mo dáhùn. Ó ti sọ fún mi nínú mọ́tò pé ìhà òun ni, mo fi pa mọ́ fún yín kí n lè tètè padà sí ìdí ọjà mi. Ẹ fẹ́ wo ikùn rẹ̀, èmi ni mo dá yín dúró. Níwájú Elkanah mo ní ẹ ò béèrè. Irọ́ ni mo pa. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí. Ẹ fi èyí han Elkanah, ẹ fi han ibi tí wọ́n fẹ́ gbà yín, bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí wọ́n pè mí. Nígbà tí ẹ bi mí ní Ogudu, mo ní ara rẹ̀ yá. Kò yá. Ìhà náà ṣì ń dùn ún. Karimot ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un bi, òun ni yóò dá yín lóhùn."